Láti Ìkéde dé Àrokò: Íntánẹ́ẹ̀tì nínú Fífa Akẹ́kọ̀ọ́ Wọ Yunifásítì àti Mímú Wọn Dúró ní Agbègbè Arepo

1.0 Ìfáárà

Iṣẹ́ méjì ni yunifásítì ń fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣe nípa akẹ́kọ̀ọ́: ó ń fi fà wọ́n wọlé, ó sì ń fi mú wọn dúró títí wọn yóò fi gboyè. Ohun tí bébà yìí fẹ́ fi hàn ni pé iṣẹ́ méjèèjì yàtọ̀, àti pé ọgbọ́n tí ó tó fún àkọ́kọ́ kò tó fún èkejì. Agbègbè Arepo, Mowe àti Ibafo ní Ìpínlẹ̀ Ògùn ni yóò jẹ́ àpẹẹrẹ.

2.0 Akéde àti Àrokò

Àwùjọ Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ yìí tipẹ́. Akéde a máa lu agogo, a sì máa bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀. Kì í dúró gba èsì. Ṣùgbọ́n ẹni kan pàtó ni a ń pàrokò sí. Bí ẹni náà kò bá túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì fèsì, a kò tíì jẹ́ iṣẹ́ náà.

3.0 Fífa Akẹ́kọ̀ọ́ Wọlé

Iṣẹ́ akéde ni ó pọ̀ jù níhìn-ín. Àjọ JAMB, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1978, gbé gbogbo ìdánwò ìgbàwọlé rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní 2015. Láti 2017 ni ó ti ń lo CAPS, ètò tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń gba ààyè tí yunifásítì fún un tàbí kí ó kọ̀ ọ́. Agbègbè yìí sì ti mọ ìdíje. Redeemer's University bẹ̀rẹ̀ ní Mowe ní 2005 kí ó tó kó lọ sí Ẹdẹ. Mountain Top University, lójú ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, àti Christopher University ní Mowe gba ìwé àṣẹ ní 2015. Ilé-ẹ̀kọ́ tuntun tí orúkọ rẹ̀ kò tíì tàn kò lè ṣe kí ó má kéde.

4.0 Mímú Akẹ́kọ̀ọ́ Dúró

Vincent Tinto (1975) ṣàlàyé pé akẹ́kọ̀ọ́ a máa fi ilé-ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nígbà tí ìdè tí ó so ó mọ́ ẹ̀kọ́ àti àwùjọ ibẹ̀ kò bá yi. Ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ń gbé Arepo, tí ń ṣiṣẹ́ ní Èkó, tí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ń gba àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ rẹ̀, níbo ni yóò ti rí olùkọ́ tàbí ẹlẹgbẹ́? Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni NOUN, yunifásítì àìrìn-wọ-kíláàsì ti ìjọba àpapọ̀, wà fún. Òfin gbé e kalẹ̀ ní 1983, ìjọba ológun dá a dúró ní 1984, ìjọba Ọbásanjọ́ sì jí i dìde ní 2001. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ti ń forúkọ sílẹ̀, tí ó sì ti ń ṣe iṣẹ́ tí a ń fún ní máàkì. Fún un, inú ọ̀rọ̀ tí ń lọ tí ń bọ̀ ni ìdè tí Tinto sọ gbọ́dọ̀ wà. Börje Holmberg náà ti tẹnu mọ́ ọn pé ìfọ̀rọ̀wérọ̀ ni ẹ̀kọ́ àtòkèèrè.

Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ kò bá fi iṣẹ́ sílẹ̀ lásìkò, ìkéde fún gbogbo kíláàsì kò tó. Ọ̀rọ̀ tí ó dárúkọ rẹ̀, láti ọwọ́ ẹni tí yóò ka èsì rẹ̀, ni ó yẹ. Ọ̀nà kan kò sì wọ ọjà: ẹni tí dátà rẹ̀ ti tán lè gba ìpè lásán.

Àwọn kan lè sọ pé àìlówó ni ó ń lé akẹ́kọ̀ọ́ lọ, kì í ṣe àìsọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ bá tètè mọ ìṣòro rẹ̀ lè gba àyè láti sinmi fún sáà kan, kí ó sì padà. Ẹni tí a kò bi léèrè a kàn pòórá ni.

5.0 Àgbálọgbábọ̀

Ìkéde a máa mú akẹ́kọ̀ọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Èsì ni ó ń mú un jókòó. Yunifásítì tí ó ná owó rẹ̀ sórí ìkéde, tí kò yan ẹni tí yóò máa fèsì, ń pọnmi sínú agbè tí ó ti là ní ìdí.