Olórin Tó Di Onílé-Rédíò, àti Rédíò Tó Yẹ Kí Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ Gbè Lẹ́yìn

Ọjọ́ pẹ́ tí ìjọba fi dá rédíò ṣe nílẹ̀ yìí. Ọdún 1939 ni wáyà àpótí rédífúṣọ̀n wọ ilé àwọn ará Ìbàdàn. WNBS ti ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Radio Ọ̀yọ́ ní Ilé Akéde, Baṣọ̀run, n'Íbàdàn. Ní gbogbo àsìkò yẹn, olórin tó bá fẹ́ kí àwo òun dún létí ayé, ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń gbé e lọ.

Òfin 38 tí ìjọba ológun Babangida ṣe ní 1992 ló ṣílẹ̀kùn fún aládàáni. Raypower ti Raymond Dokpesi bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó ní oṣù Kẹsàn-án 1994. Ìbàdàn ṣì dúró títí di 2007 kí Splash FM 105.5 ti Olóyè Adébáyọ̀ Akande tó dé. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni àwọn yòókù wá ń rọ́ dé.

Nínú gbogbo wọn, Fresh FM 105.9 ni ìtàn rẹ̀ wọ̀ mí lọ́kàn jù, nítorí pé olórin ló dá a sílẹ̀. Yínká Ayéfẹ́lẹ́, ọmọ Ìpòtì-Èkìtì, ti ṣiṣẹ́ rédíò rí kí jàǹbá ọkọ̀ oṣù Kejìlá 1997 tó sọ ọ́ dèrò orí kẹ̀kẹ́ arọ. Àwo Bitter Experience tó gbé jáde ní 1998 ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ní 2015, ó gbé rédíò tirẹ̀ kalẹ̀ nínú ilé rẹ̀, Music House, ní Ìbàdàn. Ó mọ ìyà olórin tó ń wá ẹni tí yóò bá òun lu àwo, ó sì mọ iṣẹ́ rédíò. Nígbà tó yá, Fresh dé Abẹ́òkúta àti Adó-Èkìtì.

Orin ló ń pe èrò jọ sídìí rédíò, àmọ́ ìpolówó ló ń sanwó. Rédíò aládàáni kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Alágbo, oníjọ, olóṣèlú, ẹni tó ń ta ilẹ̀: àwọn ni wọ́n ń ra àkókò. Nínú owó yẹn ni wọ́n ti ń ra dísù fún jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n ti ń sanwó sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ àti owó ìwé-àṣẹ fún NBC, àjọ tó ń bójú tó iṣẹ́ rédíò. Ìyẹn ò rọrùn rárá. Ní oṣù Kẹjọ 2022, NBC kéde pé òun gba ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ 52 nítorí gbèsè tó lé ní bílíọ̀nù méjì náírà.

Yàtọ̀ sí gbèsè, ewu kejì ni ìjọba fúnra rẹ̀. Ìdájí ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ 2018, ni katakata ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ wó apá kan Music House. Ìjọba ní ilé náà kò bá àwòrán tí wọ́n fọwọ́ sí mu. Ọ̀pọ̀ ará ìlú gbà pé ohun tí wọ́n ń sọ lórí rédíò náà ló bí ìjọba nínú. Àríwísí pọ̀ káàkiri, Gómìnà ìgbà náà, Ajímọ̀bí, àti Ayéfẹ́lẹ́ sì padà parí ìjà. Lójú tèmi, bí ẹjọ́ ilé bá tilẹ̀ wà nílẹ̀, òru kọ́ ni wọ́n ń dá irú rẹ̀.

Ní ti rédíò aládàáni, Ògbómọ̀ṣọ́ náà kò gbẹ́yìn. Yàtọ̀ sí Ajílété FM 92.1 ti ìjọba ní Gáḿbàrí, Parrot FM 101.1 wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, èyí tí akọ̀ròyìn Ọláyínká Agboọlá dá sílẹ̀. Irú èyí ló yẹ kí a dì mú. Atọ́kùn tó jókòó s'Íbàdàn lè mọ olórin tó ń lọ lóde, kò lè mọ ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń kọrin ní Tákíè, Ògbómọ̀ṣọ́, tàbí onídùndún tó ń lù nítòsí ààfin Ọ̀yọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin oníṣòwò ọjà Àkẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́ àti ti Tákíè, kí ẹ tó gbé owó ìpolówó yín lọ s'Íbàdàn, ẹ kọ́kọ́ fún rédíò tó wà nílé níṣẹ́. Ẹ̀yin onírédíò náà, ẹ máa lu àwo àwọn ọmọ ìlú láìgba rìbá lọ́wọ́ wọn.