Àwọn Igi Tó Ń Hù Lábẹ́ Tíìkì: Ìdí Tí Ó Fi Yẹ Kí A Dá Wọn Sí

Ẹni tó bá wọ oko tíìkì tàbí mẹ̀láínà tó ti dàgbà yóò rí i pé igi tí a gbìn nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀. Àwọn igi kéékèèké mìíràn ń yọrí nísàlẹ̀: ayùnrẹ́, ìrè, afàrà, arère, nígbà mìíràn ìrókò pàápàá. Ẹnikẹ́ni kò gbìn wọ́n. Èso arère àti ti afàrà ní ìyẹ́, afẹ́fẹ́ ló ń gbé wọn. Àdán ló ń gbé ti ìrókò kiri. Ọ̀pọ̀ onígi ka ìwọ̀nyí sí igbó lásán, wọ́n sì ń ṣán wọn dànù. A fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin ará Kémta àti gbogbo Ìpínlẹ̀ Ògùn pé ohun ìní ni wọ́n.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Láti ọdún 1944 ni àwọn òṣìṣẹ́ igbó ní Nàìjíríà ti ń gé ìtàkùn, tí wọ́n sì ń pa àwọn igi tí kò wúlò, kí oòrùn lè dé ara àwọn igi kéékèèké tó hù fúnra wọn. Wọ́n pa ọ̀nà náà tì láàárín ọdún 1960 sí 1970, nítorí pé ìtàkùn tètè gba ààyè tí oòrùn wọlé sí. Mẹ̀láínà àti tíìkì ni a wá gbájú mọ́, irú èyí tó wà ní igbó ìjọba Ọmọ àti Olókèméjì. Ní Jámánì, níbi tí igi páìnì ti pọ̀, Alfred Möller kọ ìwé ní ọdún 1922 pé kí a má ṣe gé igbó kanlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí igi tuntun máa dìde lábẹ́ àwọn àgbà.

Àǹfààní rẹ̀ kàn wá tààrà. Ewé tíìkì fẹ̀; òjò máa ń gbárajọ sórí rẹ̀, a sì máa kán sílẹ̀ ní ẹ̀kán ńlá. Bí ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ bá ṣófo, ọ̀gbàrá yóò gbé erùpẹ̀ lọ sínú Odò Ògùn, odò tí ilé-iṣẹ́ omi ní Arakanga ti ń fa omi fún Abẹ́òkúta. Èkejì, bí a bá gbin ìrókò nìkan sí gbangba, kòkòrò kan a máa sọ ewé rẹ̀ di kókó. Òmíràn a máa gún ọ̀mùnú ọ̀gànwó. Wọn kì í sábà jìyà bẹ́ẹ̀ lábẹ́ ìbòòji, láàárín igi oríṣiríṣi. Ẹ̀kẹta, bí a bá gé tíìkì tà, igi mìíràn ti wà nílẹ̀ tí yóò rọ́pò rẹ̀.

Ohun tí ó yẹ kí onígi ṣe nìyí:

1. Ẹ yan èyí tí ẹ fẹ́ dá sí, kí ẹ sì sàmì sí i kí ẹ tó ṣán oko. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni ẹ óò dá sí.
2. Ẹ gé ìtàkùn tó bá ń fún un lọ́rùn.
3. Ẹ máa dín tíìkì kù díẹ̀díẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ òjijì ìtàkùn ló ń ràn lọ́wọ́.
4. Ẹ ro ààlà oko mọ́ kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí iná má baà wọlé. Tíìkì lè la iná já, ṣùgbọ́n àwọn igi kéékèèké kò lè là á.
5. Ẹ dá àwọn àgbà igi tó wà nítòsí sí. Níbi tí ìyá igi kò bá sí, èso kò ní wá.

Nínú igbó ìjọba, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gé igi, kékeré tàbí ńlá, láìgba ìwé àṣẹ. Ọdún díẹ̀ ni tíìkì fi ń dé ọjà. Ìrókò ń gbà tó ìgbésí ayé ènìyàn. Èyí tí a bá ṣán lónìí, àwọn ọmọ wa ni yóò wá a tì.