Ìpáàrà Kọ́ Ni Gbogbo Ohun Tí Ó Bo Owó: Ìdámọ̀ àti Ìtọ́jú Owó Onírin Àtijọ́

1. Ìfáàrà

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó wọ́pọ̀ lẹ́nu Yorùbá fún ohun tí omi àti afẹ́fẹ́ máa ń fi irin ṣe: irin a máa dógùn-ún, a máa dípẹtà, a sì máa ní ìpáàrà. Àdá, ọkọ́ àti páànù ni ọ̀rọ̀ wọ̀nyí bá mu. Bí a bá lò wọ́n fún owó àtijọ́ tí a hú nínú ilẹ̀, wọn a máa ṣi ènìyàn lọ́nà, nítorí pé ẹni tí ó bá gbọ́ ìpáàrà yóò wá ohun tí yóò fi họ ọ́ kúrò. Orúkọ tí a bá pe ohun tí ó bo owó ni ó ń sọ irú ìtọ́jú tí owó náà yóò rí gbà.

Àpòmù, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìsọ̀kàn ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, jẹ́ ibi tí ọ̀ràn yìí ti ṣe pàtàkì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ọjà rẹ̀ ni àwọn ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Ìjà tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lórí atare sì wà lára ohun tí ó fa ogun Òwu. Owó ẹyọ ni wọ́n ń ná nígbà náà. Owó onírin òyìnbó dé lẹ́yìn rẹ̀. Ní ilẹ̀ ọjà bẹ́ẹ̀, owó tí ọdún ṣì hàn lára rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí: bí ẹnikẹ́ni kò bá tú ilẹ̀ náà rí, ìpele tí a ti bá owó náà kò lè dàgbà ju ọdún tí a kọ sí i lára lọ.

2. Wíwá owó nínú ilẹ̀

Ẹ̀rọ tí a fi ń wá irú nǹkan báyìí ní wáyà tí a ká bí òrùka. Iná mànàmáná tí ń lọ tí ń bọ̀ nínú wáyà náà a máa jí iná kékeré dìde nínú mẹ́táàlì tí ó wà nínú ilẹ̀, ẹ̀rọ a sì dún. Nítorí pé ó ń rí bàbà, idẹ àti fàdákà pẹ̀lú, "ẹ̀rọ aṣàwárí mẹ́táàlì" tọ̀nà ju "ẹ̀rọ awárin" lọ.

Òfin 1979 tí ó dá àjọ tí ń mójú tó mùsíọ́mù àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè sílẹ̀ kò gba ẹnikẹ́ni láàyè láti máa walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Ẹni tí ó bá ṣèèṣì rí i níbi tí ó ti ń kọ́lé tàbí tí ó ti ń kọbè, kí ó fi tó àjọ náà létí. Mùsíọ́mù rẹ̀ kan wà ní Ilé-Ifẹ̀, tí kò jìnnà sí Àpòmù.

3. Ìdámọ̀

Kí omi tó kan owó ni ìdámọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó ya àwòrán ojú rẹ̀ méjèèjì, a ó wọn fífẹ̀ rẹ̀, a ó gbé e lé ìwọ̀n, a ó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ tàn sí i kí òjìji lè fi lẹ́tà hàn.

Bí ó bá ní ihò láàrin, tí ìràwọ̀ onígun mẹ́fà yí ihò náà ká ní ojú kan, tí adé sì wà lókè ihò ní ojú kejì, owó Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ti ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni. Kọ́bọ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 30.5, ẹ́ẹ́pìnnì tó 26, oníní, tí àwọn mìíràn ń pè ní àníní, sì tó 20.5. Alumíníọ́mù ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe oníní ní 1907. Ojú ọjọ́ ilẹ̀ olóoru bà á jẹ́, àdàlú bàbà àti níkẹ̀lì sì rọ́pò rẹ̀ láti 1908. Àdàlú yìí kan náà ni kọ́bọ̀ títí di 1952, kí wọ́n tó fi àdàlú bàbà àti tánganran ṣe é. Inú orúkọ tí òyìnbó ń pe bàbà ni ọ̀rọ̀ náà "kọ́bọ̀" ti wá, bẹ́ẹ̀ àwọ̀ kọ́bọ̀ onihò àtijọ́ fara jọ ti fàdákà. Ṣílè tí a fi igi ọ̀pẹ sí lára jẹ́ fàdákà láti 1913 sí 1920. Láti 1920 ni idẹ ti gba ipò rẹ̀.

Owó onihò tí a kọ 1936 sí lára fi hàn bí lẹ́tà díẹ̀ ti lè níye lórí tó. Ọba Edward Kẹjọ gorí ìtẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún náà, ó sì fi í sílẹ̀ ní oṣù kejìlá. Nítorí pé owó onihò kò ní àwòrán ọba, wọ́n ti rọ tirẹ̀ jáde. Ti George Karùn-ún fún ọdún kan náà sì wà pẹ̀lú. Orúkọ etí owó, GEORGIVS tàbí EDWARDVS, nìkan ni ó ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí a bá họ etí náà, kò sí ohun tí yóò dá orúkọ náà padà.

4. Ohun mẹ́ta tí ó ń bo owó

Èkíní ni èépá ilẹ̀: amọ̀ àti yanrìn tí ó gbẹ mọ́ owó bí èépá ti í gbẹ mọ́ egbò. Kì í ṣe ara owó, a sì lè ṣí i kúrò díẹ̀díẹ̀.

Èkejì ni awọ ọjọ́. Bàbà inú owó ti bá afẹ́fẹ́ àti omi ilẹ̀ dàpọ̀, ó di awọ líle tí ó dán, aláwọ̀ ewé tàbí pupa rúsúrúsú. Awọ yìí ń dáàbò bo ohun tí ó wà nísàlẹ̀. Inú rẹ̀ gan-an ni lẹ́tà àti àwòrán sábà máa ń wà. Ẹni tí ó bá bó o, lẹ́tà ni ó bó.

Ẹ̀kẹta ni àrùn idẹ. Kílóráìdì inú iyọ̀ ilẹ̀ àti òógùn ọwọ́ a máa bá bàbà dàpọ̀ lábẹ́ awọ. Bí ọ̀rinrin bá kàn án, ásíìdì a jáde, ásíìdì náà a tún jẹ bàbà mìíràn, ìjẹrà a sì máa yí po bẹ́ẹ̀. Àmì rẹ̀ ni ìyẹ̀fun aláwọ̀ ewé fẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń hù ní tótòtó, tí a bá nù ún tí ó tún ń padà.

5. Ìfọ̀ àti ìtọ́jú

Omi tí a sè, tí a gba oruku rẹ̀ tí ó sì tún di omi, ni a ó rẹ owó sí. A ó máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti igi ṣóńṣó, lábẹ́ awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, ni a ó fi ṣí èépá. Níbi tí awọ ọjọ́ bá ti hàn, ọwọ́ gbọ́dọ̀ dúró. Lẹ́yìn èyí a ó gbẹ ẹ dáadáa, a ó sì tọ́jú rẹ̀ sínú ike tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, pẹ̀lú ohun tí ń fa ọ̀rinrin mu.

Ọsàn wẹ́wẹ́, iyọ̀, eérú àti yanrìn, tí ó dára fún ìkòkò, ni ọ̀tá owó àtijọ́. Ásíìdì ọsàn ń jẹ awọ ọjọ́, yanrìn ń họ lẹ́tà, iyọ̀ sì ń fún àrùn idẹ ní oúnjẹ. Owó tí ó bá ti ní àrùn náà, kí a yà á sọ́tọ̀ sí ibi gbígbẹ, kí a sì gbé e lọ sí mùsíọ́mù; oògùn bẹnsotiráásólì tí àwọn onímọ̀ ń lò léwu fún ara ènìyàn, kò sì yẹ nínú ilé.

6. Àgbálọgbábọ̀

Fún olùkọ́ àti ògbufọ̀, ó yẹ kí "ìpáàrà" dúró fún ti irin nìkan, kí "ìjẹrà mẹ́táàlì" jẹ́ orúkọ àpapọ̀, kí "èépá ilẹ̀", "awọ ọjọ́" àti "àrùn idẹ" sì ya ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ́tọ̀. Nítorí pé Yorùbá ń pe àdàlú bàbà pẹ̀lú síńkì àti àdàlú rẹ̀ pẹ̀lú tánganran ní idẹ bákan náà, "idẹ onísíńkì" àti "idẹ onítánganran" yóò là wọ́n. Ìwé tí ó bá pàṣẹ pé kí a ṣí èépá, kí a dá awọ ọjọ́ sí, kí a sì gbé àrùn idẹ lọ fún onímọ̀, yóò gba owó náà là. Èyí tí ó bá ní kí a nu ìpáàrà yóò sọ ẹlẹ́rìí di odi.