Yíya Písítìn Alùpùpù Nínú Kọ̀ǹpútà

Ní ọjọ́ kan tí mo ń ti Òṣogbo lọ sí Iléṣà, alùpùpù mi dákú lójijì lójú ọ̀nà. Nígbà tí a tú u, a rí i pé písítìn rẹ̀ ti há sínú ihò irin tí ó ń rìn nínú rẹ̀. Kò tí ì pẹ́ tí a fi tuntun sí i. Ẹni tí ó ṣe é kò fi àyè tí ó tó sílẹ̀.

Písítìn dà bí agolo kékeré tí a da ojú rẹ̀ dé. Nínú Honda CG125, ihò rẹ̀ fẹ̀ ní mìlímítà 56.5, ìrìn rẹ̀ lókè-sódò sì jẹ́ mìlímítà 49.5. Alumíníọ̀mù ni a fi ń ṣe písítìn, irin sì ni ti ihò náà. Bí ooru bá mú àwọn méjèèjì bákan náà, alumíníọ̀mù a máa wú tó bí ìlọ́po méjì irin. Nítorí náà ni písítìn fi gbọ́dọ̀ kéré sí ihò rẹ̀, kí àlàfo tín-ín-rín tí kì í sábàá nípọn tó fọ́nrán irun lè wà fún ọ́ìlì.

Tẹ́lẹ̀ rí, rúlà àti pẹ́ńsùlù ni a fi ń ya irú nǹkan báyìí. Ní ọdún 1963 ni Ivan Sutherland fi hàn ní Amẹ́ríkà pé ènìyàn lè yàwòrán sójú ẹ̀rọ. AutoCAD jáde ní 1982, FreeCAD sì wà lónìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó fẹ́ ya písítìn kò ní láti yà á tán. Ìlà ìdajì rẹ̀ nìkan ni yóò yà, bí ẹni la agolo sí méjì, pẹ̀lú ojú ibi tí ríǹgì yóò jókòó sí. Yóò wá pàṣẹ pé kí ẹ̀rọ yí ìdajì náà po, gẹ́gẹ́ bí amọ̀kòkò ti í yí ìkòkò po títí yóò fi rí roboto. Lẹ́yìn èyí ni yóò lu ihò píìnnì sí i ní ìbú. Bí ó bá yí iye ìwọ̀n kan padà, gbogbo àwòrán náà yóò tẹ̀ lé e.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i o! Bí ẹ bá kọ 56.5 fún písítìn, tí ẹ sì kọ 56.5 fún ihò rẹ̀, kọ̀ǹpútà yóò yà wọ́n lẹ́wà lẹ́wà, kò sì ní bá yín jiyàn. Kò mọ̀ pé ooru ń bọ̀, àfi bí ẹ bá sọ fún un.

Àwọn baba wa tí ń yọ́ idẹ mọ irú ọgbọ́n yìí. Ìda ni wọ́n fi ń ṣe ère ní àkọ́kọ́, wọn a fi amọ̀ bò ó, iná a yọ́ ìda jáde, idẹ a sì gba ipò rẹ̀. Bí imú ère bá wọ́, inú ìda ni wọ́n ti í tún un ṣe. Irin tí a ti gé kì í gba àtúnṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ Òṣogbo ni ó yẹ kí èyí yé jù, níbi tí Ìjọba Àpapọ̀ dá Nigerian Machine Tools sílẹ̀ sí ní 1980 láti máa ṣe ẹ̀rọ tí ń gé irin.

Ẹni tí ó tún alùpùpù mi ṣe ní Iléṣà kò ní kọ̀ǹpútà. Ó wọn ihò náà lókè, ó wọ̀n ọ́n láàárín, ó wọ̀n ọ́n nísàlẹ̀, ó sì fi ẹfun kọ iye rẹ̀ sára ògiri kí ó tó fọwọ́ kan písítìn.