Ṣé O Mọ̀? Igba Ojú Ló Ń Wo Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kò Yá

Ìwòpin wà létí ọ̀sà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ogun Waterside. Ọ̀pọ̀ ẹni tó gbọ́ orúkọ ìlú náà rí, nítorí ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba àpapọ̀ kọ́ síbẹ̀ ló fi gbọ́ ọ. Lónìí, ọ̀rọ̀ ọmọ la fẹ́ sọ. Bí ibà bá mú ọmọ níbẹ̀, ilé ìwòsàn àdúgbò lè kápá rẹ̀. Bí àìsàn ọ̀hún bá ju ibà lọ, ìyá á pọn ọmọ, á wọ ọkọ̀ ojú omi gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, tàbí kó wọ mọ́tò gba Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí ilé ìwòsàn ńlá yunifásítì ní Ṣàgámù. Bí dókítà bá wá sọ pé àìsàn yìí kò ní í lọ bọ̀rọ̀, tàbí pé kò ní í lọ mọ́ ńkọ́? Ṣé ó ti parí nìyẹn? Kò tíì parí. Ka àwọn nǹkan wọ̀nyí, kí o sì sọ wọ́n fún ẹlòmíràn.

Ṣé o mọ̀ pé họ́sípíìsì ọmọdé kì í ṣe ilé tí wọ́n ń gbé ọmọ lọ kú sí? Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtumọ̀ rẹ̀ sì jẹ mọ́ gbígba àlejò. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, là á yé wa pé ìtọ́jú ìtura, iṣẹ́ tí họ́sípíìsì ń ṣe, kan ara ọmọ, ọkàn rẹ̀, ẹ̀mí rẹ̀ àti ẹbí rẹ̀, àti pé ọjọ́ tí wọ́n bá ti mọ àìsàn náà ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ lè máa gba oògùn ìwòsàn lọ́wọ́ kan, kó máa gba ìtọ́jú ìtura lọ́wọ́ kejì.

Ṣé o mọ̀ pé ọdún tí wọ́n dá yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè sílẹ̀ ni họ́sípíìsì ọmọdé àkọ́kọ́ lágbàáyé ṣí ilẹ̀kùn? 1982 ni. Olabisi Onabanjo University là ń pe yunifásítì náà lónìí. Helen House ni họ́sípíìsì ọ̀hún, ní Oxford, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ mẹ́jọ péré ló lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tuntun ni iṣẹ́ yìí láyé. Àwọn kan nínú àwọn tó ń ka ìwé yìí dàgbà jù ú lọ.

Ṣé o mọ̀ pé àárẹ̀ ìyá àti bàbá ló bí Helen House? Ní 1978, kókó inú ọpọlọ dá ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Helen dùbúlẹ̀. Ilé ni àwọn òbí rẹ̀ ti ń tọ́jú rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Sístà Frances Dominica, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Áńgílíkà tó ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa gbé ọmọ náà wá fún òun lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè sùn. Inú oorun díẹ̀ yẹn ni Helen House ti jáde.

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó la ọ̀nà fún iṣẹ́ họ́sípíìsì ti ṣe nọ́ọ̀sì, ó ti ṣe òṣìṣẹ́ ìgbáyégbádùn, kó tó di dókítà? Cicely Saunders ni. Ó ṣí họ́sípíìsì St Christopher's ní London ní 1967. Ó kọ́ ayé pé ìrora aláìsàn ju ti ẹran ara lọ. Ìbẹ̀rù, owó tó tán, àdáwà, ìbéèrè tí ènìyàn ń bi Ọlọ́run lóru: gbogbo wọn ló ń dun ènìyàn pọ̀, ó sì yẹ kí a tọ́jú gbogbo wọn pọ̀.

Ṣé o mọ iye ènìyàn tí ọ̀rọ̀ yìí kàn? WHO ní ènìyàn mílíọ̀nù 56.8 ló nílò ìtọ́jú ìtura lọ́dọọdún. Nínú ọgọ́rùn-ún, bí 14 péré ló ń rí i gbà. Ní ti àwọn ọmọdé, 98 nínú ọgọ́rùn-ún tó nílò rẹ̀ ló ń gbé ní àwọn orílẹ̀-èdè tí owó kò ti pọ̀, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì wọn tó wà ní Áfíríkà. Ibi tí ẹrù pọ̀ sí ni alábàárù ti ṣọ̀wọ́n.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti jẹjẹrẹ? Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ihò nínú ọkàn, ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò rí afẹ́fẹ́ tó nígbà ìbí tí kò lè jókòó, ọmọ tó ní kòkòrò HIV, ọmọ tí kíndìnrín rẹ̀ ti ń daṣẹ́ sílẹ̀: gbogbo wọn ni ìtọ́jú yìí wà fún.

Ṣé o mọ̀ pé àgbọ̀n tó wú lè má jẹ́ ọ̀rọ̀ eyín? Ní 1958, Denis Burkitt, dókítà oníṣẹ́-abẹ tó ń ṣiṣẹ́ ní Uganda, kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ kan tó máa ń wú àgbọ̀n ọmọdé. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àrùn náà títí dòní. Ó wọ́pọ̀ níbi tí ibà ẹ̀fọn ti pọ̀, ilẹ̀ Yorùbá sì wà níbẹ̀. Ó máa ń yára dàgbà gan-an, ṣùgbọ́n oògùn máa ń ràn án. Ẹni tó bá tètè dé ọsibítù ló ń jèrè rẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ibi tí wọ́n bí ọmọ sí lè sọ bóyá jẹjẹrẹ á pa á? Ní àwọn orílẹ̀-èdè olówó, ó lé ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ní in tó ń yè. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè tí kò lówó, wọn kò tó 30.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn baba wa ti sọ àìsàn kan lórúkọ tó ṣàpèjúwe rẹ̀ pátápátá? Fòníkúfọ̀ladìde, ìyẹn sickle cell. Lónìí ọmọ dùbúlẹ̀, kò lè gbẹ́sẹ̀. Lọ́la ó ń sáré kiri. Bí ọmọ 150,000 ni wọ́n ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ dókítà gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú láyé àtijọ́, àìsàn yìí ló mú wọn lọ. Wo orúkọ tí a sọ wọ́n: Málọmọ́, Dúrósinmí, Kòsọ́kọ́. Ẹ̀bẹ̀ òbí ni. Ọmọ tó ní in nílò omi púpọ̀, oògùn ojoojúmọ́, àti àgbà tó gbà pé ìrora egungun rẹ̀ kì í ṣe àṣejù. Láti 1994 ni Sickle Cell Foundation Nigeria, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olu Akinyanju dá sílẹ̀, ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Ìdí-Àràbà, l'Ékòó, ni ibùdó wọn wà.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ kékeré lè fọwọ́ tọ́ka sí bí ìrora rẹ̀ ṣe tó? Wọ́n á gbé àwòrán ojú mẹ́fà síwájú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ń rẹ́rìn-ín, ti ìkẹyìn ń sunkún. Ọmọ á fọwọ́ kan èyí tó jọ tirẹ̀. Ní ti ọmọ-ọwọ́, ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ àti igbe rẹ̀ ni wọ́n ń wò, àti bóyá ó ṣe é rẹ̀. Má sì jẹ́ kí ọmọ tó dákẹ́ tàn ọ́. Ìrora lè ti mú un débi pé kò lókun ẹkún mọ́.

Ṣé o mọ̀ pé ní 2012, WHO yọ codeine kúrò nínú ìlànà oògùn ìrora ọmọdé? Ní ara àwọn ọmọ kan, kì í ṣiṣẹ́. Ní ara àwọn mìíràn, ó ń ṣiṣẹ́ jù. Ìpele méjì ló kù: paracetamol tàbí ibuprofen fún ìrora tó rọ̀, mọ́fíìnì fún èyí tó le. Dókítà ló ń wọn ọ́n, ní ìwọ̀n bí ọmọ ṣe wúwo.

Ṣé o mọ̀ pé mọ́fíìnì lè jẹ́ omi mímu? Ní 1993, Dókítà Anne Merriman, tó ti ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀, dá Hospice Africa Uganda sílẹ̀ ní Kampala. Ìyẹ̀fun mọ́fíìnì ni wọ́n ń pò mọ́ omi, wọ́n á fi àwọ̀ sí i kí ẹnikẹ́ni má bàa fi èyí tó le pe èyí tó rọ̀. Owó rẹ̀ kò pọ̀. Kò gba abẹ́rẹ́, kò gba iná mànàmáná. Láti 2004 ni òfin Uganda ti fún nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ láyè láti kọ ọ́ fún aláìsàn. Nípa bẹ́ẹ̀, ìtura dé abúlé tí dókítà kò dé.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tó ń lo mọ́fíìnì fún ìrora gidi, lábẹ́ ojú dókítà, kì í sábà di ajoògùnyó? Ohun tó máa ń yọ ọ́ lẹ́nu jù ni ìgbẹ́ líle. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń fi oògùn tó ń mú inú rọ̀ tì í. Aago ni wọ́n sì fi ń lò ó. Wọn kì í dúró dìgbà tí ọmọ bá tún figbe ta.

Ṣé o mọ̀ pé eré wà lára oògùn? Ọmọ tí àìsàn dè mọ́lẹ̀ ṣì jẹ́ ọmọ. Ní họ́sípíìsì, àwọn òṣìṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé bíbá ọmọ ṣeré gan-an niṣẹ́ wọn: orin, àlọ́, àwòrán kíkùn. Ọmọ tó bá ti fún bèbí rẹ̀ ní abẹ́rẹ́ lánàá, ẹ̀rù tirẹ̀ á dín kù lónìí. Àlọ́ Ìjàpá kò wọ́n ní Ìwòpin. Ìyá àgbà ló ni ín.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ tí ara rẹ̀ yá nínú ilé náà nílò ìtọ́jú? Ẹ̀gbọ́n tí wọ́n gbé lọ sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìjẹ̀bú-Igbó nítorí pé àbúrò wà ní ọsibítù, ó lè máa rò pé òun ló fà á, lọ́jọ́ tí òun nà án. Kò ní í sọ. Ó lè máa tọ̀ sílé, ó lè má fẹ́ lọ síléèwé mọ́. Àwọn tó mọṣẹ́ yìí máa ń jókòó ti ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, wọ́n á bi wọ́n ní ohun tí wọ́n rò.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ máa ń mọ̀? Ó ń rí ojú ìyá rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ wúyẹ́wúyẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá béèrè pé, "Màámi, ṣé màá kú ni?", àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí kì í pa á lẹ́nu mọ́. Wọ́n á kọ́kọ́ bi í pé kí ló mú un rò bẹ́ẹ̀, wọ́n á wá dá a lóhùn ní òtítọ́ tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó ń bà á lẹ́rù ni pé òun lè dá nìkan wà.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ náà ti wà nílẹ̀ wa? Ní UCH Ìbàdàn, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olaitan Soyannwo, dókítà akunnilóorun, wà lára àwọn tó gbé e dìde, pẹ̀lú Centre for Palliative Care, Nigeria. Tọmọdé tàgbà ni wọ́n ń tọ́jú, wọ́n sì ń bẹ aláìsàn wò nílé. Ní 2021, ìjọba àpapọ̀ gbé ìlànà jáde fún iṣẹ́ yìí ní gbogbo Nàìjíríà.

Ṣé o mọ̀ pé họ́sípíìsì ọmọdé kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì? Ní gúúsù ìlà-oòrùn London, níbi tí Yorùbá pọ̀ sí láti Peckham dé Thamesmead, Demelza ní ilé kan ní Eltham. Haven House wà ní Woodford Green. Owó ìtọrẹ ará ìlú ló pọ̀ jù nínú ohun tí irú àwọn ilé bẹ́ẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹbí rẹ bá wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tó ń ṣàìsàn líle, sọ fún wọn kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ dókítà wọn. Ìtìjú kò sí níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ìtọ́jú náà kì í parí lọ́jọ́ tí ọmọ bá kú? Helen House ya yàrá kékeré kan tó tutù sọ́tọ̀, kí ọmọ tó ti lọ lè wà níbẹ̀ títí di ọjọ́ ìsìnkú, kí àwọn òbí rẹ̀ lè jókòó tì í. Lọ́dọ̀ tiwa, òkú ọ̀fọ̀ ni. A kì í jẹ́ kí òbí dé ibi tí a sin ọmọ sí, a sì máa ń tètè kó aṣọ rẹ̀ kúrò nílẹ̀. A ó ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́." Ọ̀rọ̀ ìtùnú gidi ni, ó sì ti gbé ọ̀pọ̀ ìyá dúró. Síbẹ̀, omi tó dànù yẹn ní orúkọ. Obìnrin tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Lágbájá lánàá, wọ́n lè má pè é bẹ́ẹ̀ mọ́ lọ́la. Jẹ́ kó sọ̀rọ̀ ọmọ rẹ̀. Bá a dárúkọ rẹ̀. Ọ̀fọ̀ tí a pa mọ́nú kì í tán.

Ṣé o mọ̀ pé ọjọ́ kan wà tí wọ́n ń dé fìlà nítorí àwọn ọmọ wọ̀nyí? Ọjọ́ Ẹtì kejì nínú oṣù Ọ̀wàrà ni, káàkiri ayé. Fìlà àti gèlè kò sì wọ́n wa.

Ṣé o mọ̀ pé èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí kò nílò ilé ńlá? Inú ilé ọmọ fúnra rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wáyé. Nọ́ọ̀sì kan tó kọ́ṣẹ́, fóònù kan tó ń bá dókítà Ṣàgámù tàbí Ìbàdàn sọ̀rọ̀, oògùn ìrora tí kì í tán, owó ọkọ̀ ojú omi: bí nǹkan mẹ́rin yìí bá wà, ìtura lè dé Ìwòpin, Òde-Omi àti Mákùn-Omi. Ìjọba ló yẹ kó pèsè wọn, àwa ará ìlú ló yẹ kó béèrè.

Ìkarùn-ún wà lọ́wọ́ wa. Ẹnìkan ló ń bímọ, igba ojú ló ń wò ó. Bí o bá mọ ilé kan ládùúgbò rẹ tí ọmọ ti ń ṣàìsàn tó pẹ́, má dúró lókèèrè máa ṣàánú wọn. Lọ síbẹ̀ lónìí. Sọ pé, "Ẹ kú ìrọ́jú o." Gba ọmọ náà mọ́ra fún wákàtí kan, kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Bí Helen House ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.