Ètò Àtijọ́ Kò Mọ Ìrántí Tuntun

Àwọn ilé ìtajà àti ẹgbẹ́ kan wà tí ìwé gbèsè wọn ṣì wà nínú ètò kọ̀ǹpútà tí a ti ṣe láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn. Ètò yìí, tí Faransé ń pè ní logiciel, ń ṣiṣẹ́ dáadáa títí kọ̀ǹpútà ògbólógbòó náà fi kú. Wọ́n ra òmíràn tí ìrántí rẹ̀ pọ̀ gan-an, wọ́n gbé ètò náà sínú rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sójú ẹ̀rọ pé ìrántí kò tó. Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀?

Ìrántí kọ̀ǹpútà dà bí ilé gbọọrọ tí ó ní yàrá púpọ̀. Yàrá kọ̀ọ̀kan gba lẹ́tà kan, ó sì ní nọ́ńbà tirẹ̀. Octet ni a ń pe yàrá bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó ń ra forfait íntánẹ́ẹ̀tì ti mọ mẹ́gà àti jígà: mẹ́gà kan jẹ́ nǹkan bí yàrá mílíọ̀nù kan, jígà kan sì jẹ́ nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́gà. Ètò kò lè wọ yàrá tí kò lè pe nọ́ńbà rẹ̀.

Àwọn ará Benin ti rí ohun tí ó jọ èyí. Ní ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá ọdún 2024, nọ́ńbà tẹlifóònù wọn kúrò ní ẹyọ 8, ó di ẹyọ 10, nígbà tí a fi 01 ṣáájú rẹ̀. Ẹ fojú inú wo ẹ̀rọ tí a ṣe láti tẹ ẹyọ 8 péré. Bí tẹlifóònù tilẹ̀ kún ìlú, kò lè pe ẹnì kankan.

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ ètò àtijọ́. Ní 1978, ilé-iṣẹ́ Intel ti Amẹ́ríkà ṣe ọpọlọ kọ̀ǹpútà kan tí a ń pè ní 8086. Iye yàrá tí ó lè pè kò ju 1,048,576 lọ, ìyẹn mẹ́gà kan. Nígbà tí IBM gbé kọ̀ǹpútà tirẹ̀ jáde ní 1981, àbúrò ọpọlọ yìí ni ó fi sínú rẹ̀. Ó ya apá òkè ìrántí sọ́tọ̀ fún ojú ẹ̀rọ àti fún iṣẹ́ inú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Kílò 640 ni ó kù fún ètò. Lójú àwọn ènìyàn ìgbà náà, ó pọ̀ jọjọ.

DOS ni ètò àgbà tí ó ń darí kọ̀ǹpútà nígbà náà. Windows wá gba ipò rẹ̀, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ètò àtijọ́ ṣòfò. Ó dá ọgbọ́n kan: ó ń ṣe kọ̀ǹpútà àfarawé kékeré fún ètò DOS kọ̀ọ̀kan, débi pé ètò náà á rò pé òun nìkan ni ó wà nínú ilé. Ọgbà tí a sọ yí i ká kò ju kílò 640 náà lọ, ohun tí ó ń darí souris a sì tún jẹ nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá ní kí oníbàárà ra ìrántí sí i ń ba owó olówó jẹ́ ni.

Òdìkejì rẹ̀ tún wà, ó sì yani lẹ́nu: ìrántí púpọ̀ lè da ètò rú. Àwọn ètò kan mọ ọ̀nà ẹ̀bùrú dé òkè mẹ́gà kan, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n lè kà kéré. Bí Windows bá sọ fún wọn pé ọ̀kẹ́ àìmọye yàrá ló ṣófo, ìṣirò wọn á dàrú, wọn á kà á bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Nínú àwọn Windows àtijọ́ títí dé XP, a lè tẹ bọ́tìnì ọ̀tún souris lórí àmì ètò náà, kí a yan Propriétés, lẹ́yìn náà Mémoire, kí a sì kọ 8192, ìyẹn mẹ́gà 8, dípò kí Windows yan iye náà fúnra rẹ̀.

Windows oní-bit 64 kì í ṣí ètò DOS rárá, Windows 11 kò sì ní irú mìíràn. Ọ̀nà kan tí ó kù ni DOSBox, tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú Linux àti Mac pẹ̀lú. Mẹ́gà 16 ni ó máa ń fún ètò, àfi bí a bá kọ iye mìíràn sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀ memsize nínú ìwé ìtọ́ni rẹ̀. Eré orí kọ̀ǹpútà ni àwọn tí ó ṣe é ní lọ́kàn, kì í ṣe ìṣirò owó. Nítorí náà, kí a fi ṣí ìwé gbèsè, kí a dà á kọ sínú ètò tuntun, ó tó. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan nǹkan, kí ó ṣe ẹ̀dà gbogbo ìwé náà sórí clé USB méjì, ọ̀kan lọ́wọ́ akápò, èkejì lọ́wọ́ akọ̀wé.