Nígbà Tí Náírà Ṣubú, Ìdúmọ̀tà Ló Kọ́kọ́ Gbọ́

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ọrọ̀ ajé ìlú ṣe ń wọ inú ara ènìyàn, kí ó dúró díẹ̀ ní ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà, ní Erékùṣù Èkó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ilé ìtajà oògùn ti ń ra ọjà. Púpọ̀ nínú oògùn wọ̀nyí ti òkè òkun wá. Èyí tí a ń ṣe nílé pàápàá, òkè òkun ni èròjà rẹ̀ ti ń wá. Bí náírà bá ti ṣubú, kì í pẹ́ tí owó oògùn fi ń gòkè.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SAP kalẹ̀. Dọ́là kan tí kò tó náírà kan ní 1985 ti di bíi náírà mẹ́rin ní 1987. Òótọ́ ni pé SAP kọ́ ló kọ́kọ́ ba ilé ìwòsàn jẹ́: nínú ìkéde ìfipágbàjọba ìparí ọdún 1983, Sani Abacha ti ráhùn pé kò sí oògùn níbẹ̀. Ohun tí SAP ṣe ni pé ó gbé ẹrù náà ka aláìsàn lórí. Bẹ́ẹ̀ ìjọba kan náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti ti jẹ́ mínísítà ìlera, tí ó ń sa gbogbo ipá kí abẹ́rẹ́ àjẹsára lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọdé. Ọwọ́ kan ń fúnni ní abẹ́rẹ́, ọwọ́ kejì ń gba owó ọbẹ̀.

Ó tún ṣẹlẹ̀ lójú tiwa. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, Báńkì Àgbà tú náírà sílẹ̀. Dọ́là kan tí ó wà ní nǹkan bí 460 náírà kọjá 1,500 ní oṣù Kejì ọdún 2024. Láàárín rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ GSK kéde pé òun ń kógbá sílé ní Nàìjíríà, Augmentin àti Ventolin sì di ọ̀wọ́n.

Inú ilé ni ìpalára náà ti ń ṣẹlẹ̀, láìpariwo. Bàbá ẹlẹ́jẹ̀ ríru á máa lo hóró kan ní ọjọ́ méjì dípò ojoojúmọ́. Nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dunni, yóò rò pé òun rí ọgbọ́n dá, àfi ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ bá dé. Ìyá ra oògùn kòkòrò fún ọjọ́ mẹ́ta dípò méje. Kòkòrò tí kò kú á kọ́ bí a ti ń kojú oògùn náà. Nínú agboolé Ìsàlẹ̀ Èkó tí ìdílé mélòó kan ń gbé pọ̀, kì í ṣe ọmọ kan ṣoṣo ni yóò jìyà rẹ̀. Ọ̀wọ́n yìí náà ló ń ṣílẹ̀kùn fún ayédèrú: ní oṣù Kejì ọdún 2025, àjọ NAFDAC ti ọjà oògùn Ìdúmọ̀tà pa láti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé kí a má gba owó ibodè lórí èròjà oògùn mọ́. Ó dára, ṣùgbọ́n hóró tí bàbá yóò lò lálẹ́ òní kò lè dúró dè é. Ẹ bi dókítà tàbí apòògùn léèrè bóyá irú oògùn kan náà wà tí kò lórúkọ ńlá. Ó sábà máa ń dínwó. Ẹ sì wádìí ètò ìlera adójútòfò ìpínlẹ̀ Èkó, Ìlera Èkó, kí àìsàn tó dé.